Ẹ́ńjìnì tí a tún ṣe nọ́ọ̀kì ní ọjọ́ kọkàndínlógún: ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní bọ́ọ̀sì Toyota HiAce kan tí awakọ̀ fi ń ná ọ̀nà Òṣogbo sí Ìbàdàn fún un. Ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì náà ń jẹ ọ́ìlì, ó sì ń rú èéfín, ni ìyá bá gbé e fún mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe. Gbogbo owó tó san jẹ́ ₦850,000, nínú èyí tí ₦300,000 jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́ àti owó lílọ kránkì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ họ ojú rẹ̀ kó lè dán. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà, ìró kan bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì nígbà tí wọ́n dé Ìkirè. Awakọ̀ ń rọra bá a bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì gan pátápátá nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Òde-Òmù. Alẹ́ ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé ọgbà mẹkáníìkì. Nígbà tí ìyá fi máa débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì ti tú ẹ́ńjìnì, ó ti da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, ó sì na bíárìn nọ́ḿbà kẹta (irin pẹlẹbẹ tí kránkì ń yí nínú rẹ̀) tó ti dúdú sí ìyá, ó ní awakọ̀ ló wa ọkọ̀ láìsí ọ́ìlì, pé ₦600,000 ni òun yóò sì gbà láti tún un ṣe. Ìyá kíyè sí i pé àwọn bíárìn yòókù ṣì ń dán. Awakọ̀ búra pé òun wọn ọ́ìlì ní ìdájí ọjọ́ náà, àti pé iná ọ́ìlì kò tàn rárá. Ìbéèrè ìyá ni pé: ta ló jẹ̀bi, ṣé kí òun fi ọlọ́pàá mú mẹkáníìkì ni, àbí kí òun tún lọ wá owó?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìdààmú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnì ṣe ní ìlú yìí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ránṣẹ́ pè mí bí ọ̀rọ̀ bá di fà-á-kí-n-fà-á láàrin mẹkáníìkì àti oníbàárà. Ìbéèrè yín ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò sí lẹ́nu awakọ̀, kò sì sí lẹ́nu mẹkáníìkì. Inú irin tí wọ́n tú sílẹ̀ yẹn ló wà. Nítorí náà, kí ẹ tó ka èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe mẹkáníìkì náà lórí fóònù pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọ ohunkóhun, kó má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan kó irin kankan fún àwọn tó ń ra àjákù. Bíárìn mẹ́jọ ló wà lára kọ́nrọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn apá irin tó so písítìn mọ́ kránkì, méènì bíárìn mẹ́wàá ló sì gbé kránkì dúró. Kó kó gbogbo wọn sínú ike, kó kọ nọ́ḿbà ibi tí ó ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, kí awakọ̀ sì lọ fi fóònù ya àwòrán wọn lónìí, nítorí pé bí ilẹ̀ bá fi ṣú, irin tó yẹ kó jẹ́rìí lè ti bọ́ sínú bẹntiróòlù, kó sì jáde ní funfun bí ẹni tí kò rí nǹkankan.

Àwọn oníbàárà sábà máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì kò pé oṣù kan tó fi bàjẹ́, ẹni tó tún un ṣe ló ni ẹ̀bi. Àwa mẹkáníìkì náà a máa fèsì pé ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní ọgbà wa, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò kàn wá. Èmi kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ti rí ẹ́ńjìnì tí a tún ṣe dáadáa tí awakọ̀ sun jóná ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ó ń wa ọkọ̀ láìsí omi nínú rẹdiétọ̀, mo sì ti rí èyí tí mẹkáníìkì so ìsokúsoo tó fi oṣù mẹ́ta rìn kí àṣírí rẹ̀ tó tú. Iye ọjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó fa ìbàjẹ́ náà ni ó ń dáni lẹ́bi.

Bí ẹ bá mú bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé irin pẹlẹbẹ kan ni, tí a tẹ̀ bí ìlàjì òrùka, tí kò nípọn ju èékánná ọwọ́ lọ púpọ̀. Irin líle ni ẹ̀yìn rẹ̀, irin rírọ̀ ni wọ́n sì fi bo inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kránkì kò gbọdọ̀ fara kan irin rírọ̀ yìí, orí ọ́ìlì ló ti ń yí. Àlàfo tí ọ́ìlì náà ń gbà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bíi tiyín wà ní nǹkan bíi 0.02 sí 0.05 mìlímítà, èyí tó tín-ín-rín ju fọ́nrán irun orí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú àlàfo tí ojú kò lè rí yìí ni gbogbo ẹjọ́ yín wà. Bí ó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì yóò ṣàn jáde, kránkì yóò sì máa lu bíárìn. Bí ó bá fún jù, tàbí tí ọ́ìlì kò bá dé ibẹ̀, irin yóò máa yún irin, yóò gbóná, yóò yọ́, yóò sì gan.

Ẹ fi àkísà mímọ́ nu bíárìn náà, kí ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí irin rírọ̀ inú rẹ̀ bá ti jẹ lọ geere débi tí àwọ̀ bàbà fi yọ láti abẹ́, tí gbogbo bíárìn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì rí bẹ́ẹ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́ rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ́ìlì ti ṣaláìtó nínú ẹ́ńjìnì lápapọ̀. Bí ẹ bá rí ilà tóóró tóóró bí ìgbà tí ènìyàn fi abẹ́rẹ́ ha á, tí èérún irin sì gún mọ́ ọn lára, ìdọ̀tí ló wọ ibẹ̀, ìdọ̀tí yẹn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọn kò fọ̀ kúrò lẹ́yìn tí wọ́n lọ kránkì. Bí ẹ̀yìn bíárìn, tí kò yẹ kó mira rárá, bá ń dán bí ẹni pé wọ́n fi yanrìn fọ̀ ọ́, ó ti ń yí nínú kọ́nrọ́ọ̀dù nìyẹn: wọn kò fún bóòtì rẹ̀ dé ìwọ̀n, tàbí wọ́n gbé fìlà kọ́nrọ́ọ̀dù kan dé orí òmíràn, tàbí kí ojú kọ́nrọ́ọ̀dù náà ti fẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Òótọ́ ni pé ọ́ìlì tó gbẹ náà lè mú kí bíárìn lẹ̀ mọ́ kránkì kó sì yí, ṣùgbọ́n bí àwọn bíárìn yòókù bá ṣì ń dán, ọwọ́ ẹni tó so ẹ́ńjìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà kẹta nìkan ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ọ́ìlì tó ń lọ bá bíárìn kọ́nrọ́ọ̀dù kì í fò lọ síbẹ̀. Inú méènì bíárìn ló ti ń bọ̀, tó ń gba inú ihò tóóró kan tí wọ́n lu sínú kránkì. Bí ọ́ìlì bá gbẹ nínú ẹ́ńjìnì, òótọ́ ni pé bíárìn kan lè ṣáájú àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí àwọn yòókù wà ní dídán gbinrin bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn. Nígbà tí ọ̀kan bá jóná tí àwọn tó kù sì dára, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni ohun tó dí ihò ti ẹyọ kan yẹn, tàbí àṣìṣe nínú síso ẹyọ kan yẹn.

Mo mọ èyí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mi nígbà náà, ẹ́ńjìnì Peugeot 504 oníbàárà kan tí mo dá so, tó wù mí gan-an, nọ́ọ̀kì ní ọ̀nà Iléṣà kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi gbogbo ẹnu búra pé awakọ̀ kò wọn ọ́ìlì. Ọ̀gá mi kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n gbé kránkì náà wá sórí bẹ́ǹṣì, ó tọ́ wáyà bíréèkì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tààrà, ó tì í bọ inú ihò ọ́ìlì nọ́ḿbà kejì. Wáyà náà wọlé dé ìdajì, ó dúró. Nígbà tí ó fi ìkọ́ fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde, òwú àkísà kan ni, tó ti lọ́ mọ́ èérún irin, kò tó ìdajì ẹ̀wà kan. Èmi ni mo fi àkísà yẹn dí ihò náà nígbà tí wọ́n ń lọ kránkì, èmi ni mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ owó bíárìn àti owó kránkì kúrò nínú ohun tó ń tọ́ sí mi, ojú sì tì mí níwájú awakọ̀ tí mo ti bú. Láti ọjọ́ náà, mi ò dá ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi tú mọ́ láìjẹ́ pé oníbàárà dúró tì mí.

Ibi tí mẹkáníìkì yín ti ṣe àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Èmi kò sọ pé olè ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìpayà máa ń mú tú ẹ́ńjìnì lóru kí a lè mọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé kò sí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnì ni ẹni tó yẹ kó tọ́jú ọ́ìlì náà jù. Lítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni irú ẹ́ńjìnì yẹn ń gbà. Bí ó bá da á sínú kẹ́ẹ̀gì kan níṣojú yín, tí lítà kan ààbọ̀ péré jáde, tí kò sì sí ibi tó ti ń jò, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ó da á sí. Àwọn ọgbà mẹkáníìkì kì í da ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ḿ sílẹ̀ lásán, àwọn oníṣẹ́ pákó máa ń rà á láti fi kun igi nítorí ikán. Bí ó bá ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀ tàbí bóyá ó ń dán bí ìgbà tí ènìyàn po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè fi ojú ara yín rí, tí kò gba ìmọ̀ kankan. Bí wọ́n bá lọ kránkì, ó ti tín-ín-rín sí i, bíárìn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i. Ẹ̀yìn bíárìn ni wọ́n ń tẹ ìwọ̀n náà sí: STD fún kránkì tí a kò tíì lọ̀ rí, 0.25 fún èyí tí a lọ̀ lẹ́ẹ̀kan, 0.50 fún èyí tí a tún lọ̀. Ẹ yí bíárìn náà padà, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ béèrè ìwé tí ibi tí wọ́n ti lọ kránkì fún mẹkáníìkì, kí ẹnìkan tó ní maikrómítà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó) sì wọn àwọn ojú kránkì tí kò jóná. Bí wọ́n bá lọ kránkì dé 0.50 tí wọ́n sì fi bíárìn 0.25 sí i, àlàfo tó yẹ kó tín-ín-rín ju irun lọ ti fi 0.25 mìlímítà fẹ̀ sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ì bá ti máa kígbe láti ọjọ́ kìn-ín-ní, nítorí náà mi ò rò pé òun ló ṣẹlẹ̀ sí tiyín. Mo kàn fẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò nínú iyèméjì ni.

Mo gbọ́dọ̀ wá sọ èyí tó lè má dùn mọ́ yín nínú. Awakọ̀ yín ní ẹjọ́ tirẹ̀. Pé iná ọ́ìlì kò tàn lè jẹ́ òótọ́, nítorí bí ihò ẹyọ kan bá dí, ọ́ìlì ṣì ń tì dáadáa níbi tó kù, iná kò sì ní mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé gílóòbù iná náà ti kú tipẹ́: nínú àwọn ọkọ̀ yìí, bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì ọkọ̀, iná pupa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ ṣe é níwájú yín bí wáyà rẹ̀ bá ṣì pé. Ṣùgbọ́n ìró tó gbọ́ ní Ìkirè kò nílò iná kankan. Ẹ́ńjìnì tó bá ti ń dún kò-kò-kò láti ìsàlẹ̀ ti ń sọ fún ènìyàn pé kó pa òun lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà tó wà láàrin Ìkirè àti Òde-Òmù kì í ṣe ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bíárìn kan tó ti bàjẹ́ ní Ìkirè lè jẹ́ iṣẹ́ bíárìn àti lílọ kránkì lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí yóò fi dé Òde-Òmù, kránkì lè ti jẹ kọjá èyí tí a lè lọ̀ mọ́, kọ́nrọ́ọ̀dù sì lè ti tẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni ẹ̀bi inú ọ̀rọ̀ yìí lè pín sí, bí irin bá tilẹ̀ dá awakọ̀ láre lórí ọ́ìlì: ẹni tó so ẹ́ńjìnì ni yóò ru ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́, ẹ̀yin àti awakọ̀ yín yóò sì ru ohun tí a fi kún un lẹ́yìn Ìkirè.

Ta ló ra àwọn sípíà páàtì náà? Ẹ kò sọ ọ́ nínú ìwé yín, ó sì ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra bíárìn lọ́jà, tó sì jẹ́ ayédèrú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ lè bi mẹkáníìkì, àyàfi bí ó bá rí i pé kò dára tó sì dákẹ́. Bí òun ló rà á, òun ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó lọ kránkì: ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ kò sanwó fún un, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín ni owó yín wọ̀, òun ni yóò dá yín lóhùn, kó sì lọ bá ẹni tó gbé iṣẹ́ fún. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó sọ fún yín tàbí fún awakọ̀ pé kí wọ́n pa ọ́ìlì àkọ́kọ́ dà lẹ́yìn nǹkan bíi 500 sí 1,000 kìlómítà, kí wọ́n má sì di ẹrù àdìjù tàbí kí wọ́n máa sáré àsápajúdé ní àkókò náà. Ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn lójoojúmọ́ ti kọjá iye yẹn kí ó tó pé ọjọ́ kọkàndínlógún. Bí ó bá sọ ọ́ tí ẹ kò ṣe é, ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí kò bá sọ ọ́, kò lè wá fi í ṣe àwáwí lónìí.

Ní ti ọlọ́pàá, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ibẹ̀. Òfin àwọn ọlọ́pàá ti ọdún 2020 fi hàn kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un, owó tí yóò ná láti jáde ni owó tí ì bá fi tún ẹ́ńjìnì yín ṣe. Òfin tó bá ọ̀rọ̀ yín mu ni ti ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó. Ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó dára dé ìwọ̀n tí ènìyàn lè retí. Bí iṣẹ́ náà kò bá dé ìwọ̀n yẹn, oníbàárà lè béèrè pé kí ẹni tó ṣe é tún àléébù náà ṣe, tàbí kó dá apá kan nínú owó padà, gẹ́gẹ́ bí àléébù náà ṣe tó. Ẹ kíyè sí i pé apá kan ló wí. Gbogbo ₦850,000 tí ẹ san kò lè padà sọ́wọ́ yín bí a bá rí i pé awakọ̀ fi kún ìbàjẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ₦600,000 tí mẹkáníìkì ń béèrè kò ní ìdí kankan títí di ìgbà tí a bá wọn irin wọ̀nyẹn.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé màá lọ bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní agbègbè ọgbà náà, kó dá ọjọ́ kan. Ẹ má lọ ní ẹ̀yin nìkan. Alága lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, síbẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mẹkáníìkì yín. Ẹ mú ẹnìkan tó mọ ẹ́ńjìnì tí kì í ṣe ará ọgbà yẹn dání, ẹ mú awakọ̀, ẹ mú rísíìtì gbogbo. Kí wọ́n kó irin jáde sórí tábìlì níwájú gbogbo yín, kí wọ́n ti wáyà bọ inú ihò ọ́ìlì nọ́ḿbà kẹta, kí wọ́n wo ẹ̀yìn bíárìn, kí wọ́n wọn ojú kọ́nrọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì tú ojú àsẹ́ ọ́ìlì tó wà nínú páànù ìsàlẹ̀ láti wo ohun tó kó síbẹ̀. Kí ẹnìkan máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ihò bá dí, tàbí tí bíárìn ti ń yí nínú kọ́nrọ́ọ̀dù tí àwọn yòókù sì dára, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí mẹkáníìkì tún gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe láìgba kọ́bọ̀, kó ra bíárìn àti gásíkẹ́ẹ̀tì, kó sì san owó lílọ kránkì. Bí kránkì náà bá ti jẹ kọjá lílọ̀, kí ẹ̀yin àti òun pín owó kránkì òmíràn sí méjì nítorí ọ̀nà tí awakọ̀ fi kún un. Bí gbogbo bíárìn bá ti jẹ geere tí a kò sì rí ohun tó dí ọ̀nà ọ́ìlì tàbí àléébù lára pọ́ǹpù rẹ̀, ẹ ó san owó, ìyá wa, kò sì ní jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì: ìwọ̀n tí wọ́n lọ kránkì dé, ẹni tó ra páàtì, iye tí gééjì kà nígbà tí wọ́n wọn bí ọ́ìlì ṣe ń tì ní tútù àti ní gbígbóná, àti ọjọ́ tí wọn yóò pa ọ́ìlì àkọ́kọ́ dà. Kí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì fọwọ́ sí i, kí awakọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ìpàdé tó mi létí, n óò mú maikrómítà mi wá.